Bí Aró Irun Kò Bá Mú: Ẹ Jẹ́ Ká Gba Ewékorò Lọ sí Ìtòkú

Ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ẹ̀yin ìyá ọmọ, irú ìbànújẹ́ kan wà tí ọkùnrin kì í tètè mọ̀ pé ìbànújẹ́ ni. Obìnrin a máa fi owó pamọ́ díẹ̀díẹ̀ nítorí ìkómọjáde tàbí ìgbéyàwó nínú ẹbí. A lọ jókòó lọ́dọ̀ onídìrí láti òwúrọ̀ títí oòrùn yóò fi yẹ̀ lórí, a ní kí wọ́n bá òun pa irun òun láró kí ó lè rí bí obì tí ó gbó. Nígbà tí wọ́n bá gbé dígí fún un, orí rẹ̀ á ti pọ́n bí ọsàn, tàbí kí ó dúdú bí ìdí ìkòkò, tàbí kí ìdí irun mọ́lẹ̀ kí ṣóńṣó rẹ̀ sì ṣókùnkùn. Ojú á tì í láti sọ̀rọ̀. Á sanwó, á wé gèlè mọ́ ọn, á sì máa lọ sílé pẹ̀lú àníyàn ohun tí ìyá ọkọ yóò wí.

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò lóṣù yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe iwájú dígí onídìrí ni a ó ti gbé e yẹ̀ wò. Ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta ni a ó gbà. A ó dúró ní Ewékorò kí a mọ ohun tí omi àti ilẹ̀ ibẹ̀ ní í bá irun wí, lẹ́yìn náà a ó dé Ìtòkú lọ́dọ̀ àwọn aláró. Àwọn ìyá wa ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ti ń bá aró jìjàkadì láti ìgbà pípẹ́. Wọ́n ti rí aró tí kò mú, wọ́n ti rí èyí tí ó mú jù, wọ́n sì ti rí èyí tí ó mú tán tí ó tún ṣí. Ohun tí wọ́n mọ̀ nípa aṣọ lè gba irun orí yín là.

ILẸ̀ ÒKÚTA FUNFUN

Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ní Èkó, tí ẹ kọjá Ṣàngó-Ọ̀tà àti Ifọ̀, ẹ ó kan Pápálántò kí ẹ tó dé Ewékorò. Ẹni tí kò bá fẹ́ wàhálà ojú títì lè bá ọkọ̀ ojú irin lọ, nítorí ojú irin tuntun tí ó so Èkó mọ́ Ìbàdàn, tí ìjọba ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ní ibùdó kan ní Pápálántò. Láti ibẹ̀ lọ, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kún fún oko ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ. Ẹ̀gẹ́ yìí ni àwọn obìnrin ibẹ̀ ń rẹ sómi, tí wọ́n ń sá, tí wọ́n sì ń lọ̀ di láfún, oúnjẹ tí a fi mọ àwọn Ẹ̀gbá. Ẹ̀gẹ́ yìí kan náà ni a ti ń rí ẹ̀kọ tí a fi ń ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ. A ó padà sórí ìyẹn láìpẹ́.

Ohun tí ojú àlejò máa ń kọ́kọ́ rí ní Ewékorò ni ilé iṣẹ́ símẹ́ǹtì pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ ńláńlá tí ó ń tò síwájú rẹ̀. Ọdún 1960, ọdún tí Nàìjíríà gba òmìnira, ni ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe símẹ́ǹtì. Ohun tí ó gbé e dé ibẹ̀ wà nínú ilẹ̀: bí a bá gbẹ́ erùpẹ̀ pupa kúrò, òkúta funfun ni ó tẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ti fi orúkọ Ewékorò pe irú òkúta náà, orúkọ yìí sì wà nínú ìwé wọn káàkiri ayé. Wọ́n ní ó lé ní 50 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn tí òkun bo gbogbo ibẹ̀, àti pé ìkarahun àwọn ẹ̀dá inú òkun náà wà lára ohun tí ó di òkúta. Títí di òní, a ń rí àmì ìkarahun nínú rẹ̀.

Ẹ ó béèrè pé kí ni èyí kan irun? Ó kàn án gidigidi. Omi tí ó bá gba àárín irú òkúta bẹ́ẹ̀ kọjá kí ó tó dé inú kànga a máa gbé díẹ̀ nínú òkúta náà dání. Ojú lè má rí i, ṣùgbọ́n ọṣẹ mọ̀ ọ́n. Obìnrin tí ó bá fọ aṣọ pẹ̀lú omi bẹ́ẹ̀ yóò rí i pé ọṣẹ kì í tètè hó, pé ohun kan bí ìpépé funfun ń lẹ̀ mọ́ ìdí garawa, àti pé inú ìkòkò tí a fi ń se omi ń fún díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ó ń lẹ̀ mọ́ ìkòkò yìí a máa lẹ̀ mọ́ irun pẹ̀lú. Irun tí ó bá lẹ̀ mọ́ a gbẹ, a le, àwọ̀ rẹ̀ a sì ṣú láìdán. Nígbà mìíràn a máa dá onídìrí lẹ́bi pé aró rẹ̀ kò dára, nígbà tí ó jẹ́ pé omi kànga tí a fi ń fọ̀ ọ́ nílé ni ó bò ó mọ́lẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ewékorò, Ìtòrì tàbí ibikíbi tí òkúta funfun bá wà nílẹ̀, kí ẹ tó sọ pé aró bàjẹ́, ẹ fi omi òjò fọ irun náà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má gbe omi àkọ́rọ̀ òjò, nítorí eruku orí páànù wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí òjò kọ́kọ́ fọ páànù, kí ẹ tó gbé agbada sí i. Bí àwọ̀ irun bá tàn lẹ́yìn ìfọ̀ náà, ẹ ti mọ ibi tí àléébù wà. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

OHUN TÍ A PÈ NÍ PUPA

Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe omi ń kọ́? Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ ẹnu wa yẹ̀ wò. Láyé àtijọ́, àwọ̀ mẹ́ta ni ó jẹ́ àgbà nínú èdè Yorùbá: funfun, pupa àti dúdú. Epo, pupa ni. Osùn, pupa ni. Ọsàn tí ó pọ́n, pupa ni. Ènìyàn tí awọ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, a ní ó pupa. Nígbà tí obìnrin bá wí fún onídìrí pé, “Ẹ bá mi fi pupa díẹ̀ sí i,” bí àwọ̀ márùn-ún ni ó ti dárúkọ lẹ́ẹ̀kan náà. Onídìrí á mú èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, oníirun á sì máa retí èyí tí ó wà lọ́kàn rẹ̀.

Àwọn tí ń hun aṣọ òkè kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe é. Ẹni tí ó bá lọ ra aṣọ lọ́dọ̀ wọn kì í sọ pé kí wọ́n hun pupa fún òun, àlàárì ni ó ń wí. Ẹni tí ó fẹ́ dúdú bí etù ẹyẹ oko wí pé ẹtù. Ẹni tí ó fẹ́ àwọ̀ erùpẹ̀ tí kò pọ́n tí kò sì funfun wí pé sányán. Ẹ kọ́ ọgbọ́n yìí. Ẹ mú ohun kan dání lọ sọ́dọ̀ onídìrí: awẹ́ obì, òwú, igun aṣọ. Ẹ gbé e síwájú rẹ̀ lójú oòrùn, kì í ṣe lábẹ́ iná mànàmáná. Bí ó bá jẹ́ àwòrán ni ẹ mú lọ, ẹ wò ó bóyá irun orí ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ ti mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó fi aró sí i, tàbí kí ó jẹ́ wíìgì ni.

BÍ ARÓ ṢE Ń WỌ INÚ IRUN

Irun tiwa dúdú nítorí ohun dúdú kan tí ó wà nínú irun náà láti ìgbà tí ó ti ń hù. Aró kò lè sọ ohun dúdú yìí di mímọ́lẹ̀, bí ẹnikẹ́ni kò ti lè ti ẹtù bọ inú ìkòkò aró kí ó fà á jáde ní funfun. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí irun òun mọ́lẹ̀ ní láti jẹ́ kí a kọ́kọ́ bọ́ díẹ̀ lára dúdú náà kúrò. Iṣẹ́ pẹrọ́sáìdì nìyẹn. Amóníà a máa ṣí ẹ̀yìn irun sílẹ̀ bí ìpẹ́ ẹja, pẹrọ́sáìdì a wọlé lọ bọ́ dúdú, àwọn èròjà aró a sì bá a wọlé, wọn a para pọ̀ nínú irun, wọn a wú, wọn kò sì ní lè jáde mọ́. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Eugène Schueller, ni ó ṣe ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ irú aró irun bẹ́ẹ̀ ní Paris ní 1907.

Ohun tí ó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé dúdú kì í bọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ó bá ti ń ṣí, irun a kọ́kọ́ pọ́n bí osùn, lẹ́yìn náà bí ọsàn, lẹ́yìn náà bí ara ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó pọ́n. Irun tí ó pọ́n bí ọsàn kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀tá. Ìdajì ọ̀nà ni ó dúró sí. Èyí tí ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀ ju ṣóńṣó lọ, ooru orí ni ó mú kí èròjà náà ṣiṣẹ́ kíákíá nítòsí awọ orí. Èyí tí ṣóńṣó rẹ̀ ṣókùnkùn, irun àtijọ́ ni, tí rìláásà ti bá jà lọ́pọ̀ ìgbà. Irú irun bẹ́ẹ̀ ti gbẹ, a sì máa mu aró bí kànìnkànìn ti ń mu omi.

Bí a bá ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá, ọkàn a fúyẹ́. Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a kọjá Ìtòrì, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ewékorò, kí a kọjá Wásinmi, kí a wọ Abẹ́òkúta.

LỌ́DỌ̀ ÀWỌN ALÁRÓ

Ìtòkú ni ọjà àdìrẹ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ ní Abẹ́òkúta. Aṣọ ni ó tẹ́ lọ bẹẹrẹ níbẹ̀: àdìrẹ oníko tí a fi ikò dì, àdìrẹ alábẹ́rẹ́ tí a fi abẹ́rẹ́ rán, àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí a fi ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́ ya, àti kàmpálà aláràbarà tí ó gbòde ní nǹkan bí ọdún 1970. Láyé àtijọ́, ewé èlú ni wọ́n ń gún, tí wọ́n ń ṣù, tí wọ́n ń sá gbẹ. Wọ́n á sẹ́ omi eérú, wọ́n á kó èlú sínú rẹ̀ nínú ìkòkò ńlá, wọ́n á sì dúró fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi kan. Aláró a máa tọ́ ọ wò, a máa gbóòórùn rẹ̀, kí ó tó gbà pé aró tó. Ìyá Màpó, òrìṣà iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin, ni wọ́n ń bẹ̀ kí aró má baà bàjẹ́.

Bí wọ́n bá ti aṣọ bọ inú aró, tí wọ́n fà á jáde, kì í dúdú. Ó ń rí bí ewé tútù. Afẹ́fẹ́ ni yóò fẹ́ sí i, tí ojú aláró yóò sì máa wò ó bí ó ti ń di aró gan-an. Bí kò bá ṣókùnkùn tó, wọ́n á sá a, wọ́n á tún rì í bọ̀ ọ́. Aṣọ tí ó dúdú kirikiri lè wọ inú ìkòkò ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Kò sí ẹni tí ó ń fi ìbọ̀ kan ṣoṣo rí dúdú.

Ẹ wo bí wọ́n ti ń ṣe sí èyí tí ó bàjẹ́. Aṣọ tí aró mú níbì kan tí kò mú níbòmíràn, wọn kì í sáré da ohun líle lé e lórí. Wọ́n á kọ́kọ́ sá a gbẹ, nítorí aṣọ tútù a máa tan ojú jẹ. Bí ó bá gbẹ tí àbàwọ́n rẹ̀ ṣì hàn, wọ́n á tún un rẹ kí ó ṣókùnkùn sí i, kí èyí tí ó fẹ́lẹ́ lè bá èyí tí ó nípọn dọ́gba. Aṣọ tí ó bàjẹ́ ní àyìnrín ṣeé sọ di dúdú. Èyí tí ó bàjẹ́ ní dúdú, ipá ni a ó fi bọ́ ọ, ipá náà a sì máa jẹ òwú. Òfin kan ṣoṣo nìyí: ọ̀nà tí ó lọ sí dúdú ṣí sílẹ̀, ọ̀nà tí ó padà sí mímọ́lẹ̀ ní ẹ̀gún.

ÌJÀ SÓDÀ NÍ 1936

Àwọn ará Abẹ́òkúta ti rí ohun tí ìkánjú ń ṣe fún aró rí. Ní 1897, ilé iṣẹ́ BASF ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró tí a kò fi ewé ṣe. Nígbà tí ó yá, aró òyìnbó àti sódà líle dé ọ̀dọ̀ àwọn aláró wa. Iṣẹ́ tí omi eérú àti èlú ń fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ ṣe, sódà a máa ṣe é kíákíá, owó igi ìdáná a sì dín kù. Lẹ́yìn 1929, nígbà tí ọrọ̀ ajé gbogbo ayé dẹnu kọlẹ̀, tí owó di ọ̀wọ́n, kò yani lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ aláró fara mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé aṣọ ń ṣí, pé kò dúró bí ti tẹ́lẹ̀. Ní 1936, ọ̀rọ̀ náà di ìjà ńlá láàárín àwọn aláró àti Aláké, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, tí ó ní kí wọ́n má lo sódà àti aró òyìnbó mọ́. Àwọn obìnrin náà kò gbà. Wọ́n gba agbẹjọ́rò, wọ́n kọ̀wé sí ìjọba, wọ́n sì wí pé iṣẹ́ tí àwọn fi ń bọ́ ọmọ ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ àwọn.

Èmi kò rí ìdí tí a ó fi dá wọn lẹ́bi. Sódà ṣì wà ní Ìtòkú títí di òní, aṣọ tí ó dára sì ń ti inú rẹ̀ jáde lọ́wọ́ ẹni tí ó bá mọ ìwọ̀n. Ohun tí ìjà yẹn kọ́ wa ni pé agbára èròjà kọ́ ni ọ̀tá, àìmọ̀wọ̀n ni. Ẹni tí sódà rẹ̀ pọ̀ jù, aṣọ rẹ̀ á gbó. Aṣọ sì dára, a lè ra òmíràn lọ́jà. A kì í ra awọ orí lọ́jà.

OHUN TÍ Ẹ Ó ṢE

Bí ẹ bá wá délé, tí ẹ rí i pé aró irun yín kò rí bí ẹ ti fẹ́, ìwọ̀nyí ni kí ẹ ṣe ní ẹsẹẹsẹ.

Èkíní, ẹ wo awọ orí kí ẹ tó wo àwọ̀. Bí orí bá ń ta, tí ó ń hó, tàbí tí ó wú, ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án lójú ẹsẹ̀. Bí ojú tàbí ètè bá wú, tàbí tí èémí kò já gaara, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ. Èròjà kan wà nínú ọ̀pọ̀ aró irun, pàápàá èyí tí ó dúdú, tí ara àwọn kan kì í gbà. Ẹni tí ó bá ṣẹlẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kan kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kan irú aró bẹ́ẹ̀ mọ́, nítorí ti ẹ̀ẹ̀kejì a máa le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nítorí èyí ni ó ṣe dára kí a fi díẹ̀ sí ẹ̀yìn etí, kí a dúró fún ọjọ́ méjì, kí a tó fi kun gbogbo orí.

Èkejì, ẹ má fi aró mìíràn lé e lọ́jọ́ náà. Ẹ ṣe bí aláró: ẹ jẹ́ kí irun gbẹ, kí ẹ sì wò ó lójú oòrùn lọ́jọ́ kejì. Àwọ̀ tí ó dẹ́rù bà yín lábẹ́ iná lálẹ́ lè jẹ́ èyí tí ẹ ó fẹ́ràn ní òwúrọ̀.

Ẹ̀kẹta, bí ó bá dúdú jù, ẹ máa fi ọṣẹ irun fọ̀ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì máa fi òróró tàbí àdí pa á lẹ́yìn ìfọ̀ kí ó má baà gbẹ. Díẹ̀ yóò ṣí lára rẹ̀. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi ohun tí ń bọ́ àwọ̀ sí i kíákíá.

Ẹ̀kẹrin, bí ó bá pọ́n jù, ọ̀nà dúdú ṣí sílẹ̀. Kí onídìrí fi aró tí kò ní amóníà, tí ó ṣókùnkùn díẹ̀, tí ó sì súnmọ́ àwọ̀ obì tàbí ilẹ̀ oko, bò ó mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Bí ó bá jẹ́ ìdí ni ó mọ́lẹ̀ ju ṣóńṣó lọ, ìdí nìkan ni kí ó fi í kùn.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ má ṣe rìláásà àti aró lọ́jọ́ kan náà, ohun yòówù tí wọ́n lè wí fún yín. Ẹ fi bí ọ̀sẹ̀ méjì sí àárín wọn. Ohun líle lórí ohun líle ni ó ń mú irun já sọ́wọ́ bí òwú tí ó ti gbó. Ẹ̀yin tí ẹ sì wà nínú oyún, ọ̀pọ̀ dókítà a máa gbani níyànjú pé kí a dúró títí oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ yóò fi kọjá kí a tó pa irun láró.

BÍ Ẹ Ó TI BÁ ONÍDÌRÍ SỌ̀RỌ̀

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó máa ń dákẹ́ níwájú onídìrí, tí yóò wá lọ ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ níbi ayẹyẹ. Kò dára bẹ́ẹ̀. Ẹ padà lọ láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ní òwúrọ̀ kùtùkùtù kí èrò tó pọ̀. Ẹ kí i bí ó ti yẹ. Bí ó bá jù yín lọ, ẹ pè é ní àǹtí tàbí ìyá. Lẹ́yìn náà kí ẹ wí pé, “Ẹ jọ̀ọ́, àwọ̀ yìí kò rí bí a ti jọ sọ. Kí ni ẹ lò, ìṣẹ́jú mélòó ni ó sì pẹ́ lórí?” Ẹ kọ orúkọ aró náà sílẹ̀, nítorí ẹni tí yóò bá tún un ṣe ní láti mọ ohun tí ó wà lórí tẹ́lẹ̀. Kí ẹ sì wò ó bóyá páálí rẹ̀ ní nọ́ńbà NAFDAC.

Onídìrí tí ó mọ iṣẹ́ kò ní bínú. Yóò dá ọjọ́ tí yóò tún un ṣe, tàbí kí ó dá díẹ̀ padà nínú owó. Bí ó bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ mọ̀ pé òfin ilẹ̀ wa tí a ṣe ní ọdún 2018 láti dáàbò bo oníbàárà wà lẹ́yìn yín: ẹni tí ó gba owó iṣẹ́ ní láti ṣe é bí ó ti tọ́, tàbí kí ó tún àléébù rẹ̀ ṣe, tàbí kí ó dá owó tí ó bá tọ́ padà. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni ẹni tí yóò nílò àtidé ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò.

TÍTÍ YÓÒ FI HÙ

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, ó kù kí ẹ dúró. Irun a máa hù ní nǹkan bí ìdajì ínṣì lóṣù kan, tàbí kí ó dín díẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́fà, ẹ ti lè gé púpọ̀ nínú èyí tí ó bàjẹ́ dànù láìjẹ́ pé orí yín ṣófo. Kí oṣù wọ̀nyí tó pé, àwọn ìyá wa ti fi ohun ẹ̀ṣọ́ sílẹ̀ fún wa. Ẹ dì í ní ṣùkú, kí ṣóńṣó tí ó yàtọ̀ lè parẹ́ sí àárín orí. Ẹ dì í ní kòlẹ́sẹ̀ tàbí ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ fi òwú kó o, òwú dúdú á bo gbogbo àwọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ máṣe dì í le jù, nítorí irun tí aró ti bá jà kò lágbára àtifàyọ. Lọ́jọ́ ayẹyẹ, gèlè kò tíì kọ orí ẹnikẹ́ni.

Bí ẹ bá sì rí àyè, ẹ mú ọjọ́ kan kí ẹ wọ ọkọ̀ gba ọ̀nà yìí pẹ̀lú àwọn ọmọ yín obìnrin. Ẹ fi òkúta funfun Ewékorò hàn wọ́n. Ẹ ra láfún lọ́nà. Ní Ìtòkú, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí aṣọ tí ó jáde ní àwọ̀ ewé, tí afẹ́fẹ́ sọ di aró lójú wọn. Yóò yé wọn pé àwọ̀ tí ó dára a máa gba àkókò, àti pé èyí tí kò dára kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Orí wa kò ní bàjẹ́ o.